Kìnnìún Tí Àǹtí Àríkẹ́ Kì í Fi Sí Tíìmù Rẹ̀

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kì í fi Kìnnìún sí tíìmù yín tí ọ̀gá bá jáde?"

Èmi ni mo béèrè rẹ̀. Kíláàsì kejì girama ni mo wà nígbà náà, mi ò sì jẹ́ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Orí àpótí ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àríkẹ́, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà. Yẹ́misí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ń di ṣùkú fún mi, nítorí irun ṣùkú ni ilé ìwé wa yàn fún ọ̀sẹ̀ náà. Àǹtí fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níwájú aṣọ ilẹ̀kùn, ó ń tẹ fóònù.

Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó mọ irun dì jù ú lọ ládùúgbò wa. Ó máa ń ya irun tín-ín-rín bí ìlà inú ìwé, kì í sì í fa èèyàn lórí. Àwọn ìyàwó tuntun máa ń ti Ẹ̀rìn-Ilé wá bá a. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà Ilémọ́nà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, eegun náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò jí. Bí ó bá di irun mú, irun á yọ̀ bọ́. Onídìrí tí kò lè di irun mọ́, kí ló kù tí yóò máa ṣe? Ohun tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn nìyẹn, wọ́n kàn ń rọra sọ ọ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń pe ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Yẹ́misí.

Kabir, àbúrò rẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́, ló fi géèmù sórí fóònù rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Nínú géèmù náà, èèyàn á yan jagunjagun mẹ́ta, wọn á máa bá ẹranko burúkú jà. Níkẹyìn ni ọ̀gá á jáde, òmìrán tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kìnnìún ló lágbára jù nínú àwọn jagunjagun. Bí a bá ti fi í síbẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò máa jà títí ọ̀gá yóò fi ṣubú. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni Àǹtí ń yàn ṣáá: ọmọbìnrin tafàtafà kan, ìyá arúgbó tó ń wo ọgbẹ́, àti ọmọ kékeré tó ń ju òkò. Àwọn wọ̀nyí kì í dá ṣe nǹkan kan. Àfi kí ó máa tẹ̀ wọ́n kíákíá, ìka yìí fún ọfà, ìka yẹn fún oògùn, òmíràn fún òkò. Ọ̀gá sì ń pa wọ́n bí eṣinṣin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti kú!" Kabir ló ń kígbe níta lọ́jọ́ náà. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà o! Ẹ má dójú tì wá. Ẹ gbé Kìnnìún síbẹ̀, kí ẹ lọ jẹun."

"Ìwọ lọ gbé èrò rẹ, oníkẹ̀kẹ́."

"Arúgbó àti ọmọdé lẹ kó lọ sójú ogun! Ṣé ogun ni àbí ìsọmọlórúkọ?"

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín títí òòyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo béèrè.

Àǹtí yíjú wò mí. "Háà, Màrdíyyàh, o mà lè sọ̀rọ̀!" Ó tún tẹ orí ba fóònù. "Dúró ná. Jẹ́ kí n jà."

Mi ò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n mo ń wò ó. Nígbà ọyẹ́, kíá ni tíìmù rẹ̀ ń kú. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, tafàtafà náà ti ń ta ọfà léraléra, ìyá arúgbó náà ò sì jẹ́ kí ọgbẹ́ pẹ́ lára ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kan, a ṣàdédé gbọ́ tí Àǹtí figbe ta.

"Kabir dà? Ẹ bá mi pè é kó wá wo ohun tí arúgbó ṣe!"

Ọ̀gá ti ṣubú. Àǹtí gbé fóònù kalẹ̀, ó wọlé, ó ní kí Yẹ́misí dìde, ó sì fa orí ọmọ kékeré tí wọ́n ń dì mọ́ra. Ó di ẹsẹ̀ irun kan. Ó wọ́. Ó tú u, ó tún un dì.

"Ó ti dáa, Àǹtí," ìyá ọmọ náà sọ.

"Kò tíì dáa. Ẹ jẹ́ kí n tún un dì."

Ní báyìí, ọdún tí mo máa jáde girama nìyí. Ìka Àǹtí kan ò tíì ká dáadáa, nítorí náà Yẹ́misí ló ń di àwọn irun wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n Àǹtí fúnra rẹ̀ ló di ṣùkú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì fà mí lórí.

"Àǹtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Lórí kí ni?"

"Kìnnìún."

Ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Tí mo bá sọ fún yín nígbà yẹn pé ìka mi ni mò ń jí dìde, tí kò wá jí ńkọ́? Ojú wo lẹ máa fi máa wò mí?" Ó dì í dé ìdí, ó so ó. "Mo mọ̀ pé Kìnnìún máa borí. Ṣùgbọ́n tí Kìnnìún bá bá mi jà á tán, kí ni ìka mi máa rí ṣe?"