Níbo Lẹ Dé Lánàá?

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀jọ́. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Nígbà tí olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan, ń wá ẹni tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé, mo nawọ́ sókè.

Ọ́fíìsì kan ti pín àga onítáyà fún àwọn tí kò lè rìn ní Ìbà, Igbó-Elérin àti Okokomaiko. Wọ́n ní kí yunifásítì wa bá wọn wádìí bóyá ó wúlò. Bí ó bá wúlò, irú rẹ̀ náà ni wọn yóò tún rà.

Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn pé, "Ṣé àga náà wúlò fún yín?" Gbogbo wọn ní, "A dúpẹ́ o. Ọlọ́run á san án fún wọn." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wúlò. N kò rántí pé èmi náà, bí wọ́n bá fún mi ní bàtà tó há, ọpẹ́ ni n óò kọ́kọ́ dá.

Ẹni tó kẹ́yìn ni obìnrin aránṣọ kan ní Igbó-Elérin, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré. Ó ń fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, ó ń fi èkejì darí aṣọ. Òun náà dúpẹ́. Mo ti ń kọ ọ́ nígbà tí mo rí àga náà nígun yàrá. Aṣọ oníbàárà ló kún orí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, o kì í jókòó sí i ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ̀yin ẹ jókòó sí i. Ẹ fi dé títì."

Mo jókòó, mo fi ọwọ́ yí táyà. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà, mo dé inú yanrìn. Táyà kékeré iwájú rì. Mo tì, mo tì, ó dúró gbagidi.

"Ẹ má dìde o! Ẹ ṣe bí ẹni tí ò lẹ́sẹ̀!"

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú sálúbàtà, ó sì ń fi ọwọ́ àti ìdí rìn bọ̀ nílẹ̀. Kí n tó mí, ó ti kọjá lára mi, bí ẹni pé yanrìn kò kàn án.

"Báyìí ni mo ṣe ń dé Okokomaiko lọ ra òwú. Bí òjò bá rọ̀, ó parí."

"Kí ló dé tí o fi ní ó wúlò?"

"Dádì, ẹni tó fúnni lẹ́bùn, ṣé a máa ń bú u ni?"

Ẹ̀rù ohun tí mo ti kọ bà mí. Mo padà sí gbogbo ilé tí mo ti lọ. N kò dárúkọ àga mọ́. Mo béèrè pé, "Níbo lẹ dé lánàá?"

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde. Bàbá kan kò tíì jáde láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni ẹnì kan ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láràárọ̀ kó lè ta búrẹ́dì. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, n kò mọ̀ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Olùkọ́ wa ka ìwé méjèèjì. "Bàbá, èyí èkejì la ó fi ránṣẹ́."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ́fíìsì náà kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, táyà rẹ̀ tóbi bíi ti básíkùlù. Aránṣọ náà gun tirẹ̀ níṣojú mi. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ náà mì. Ó tún yí i, yanrìn yà. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo la ẹnu.

"Dádì oníwèé, ẹ yàgò o!"

Mo yàgò.