Ẹnu Páǹpù Inú Gààrí

Mo rántí ọdún tí òjò kọ̀ tí kò dá ní Ìdànrè, tí bàbá mi ń pè mí láràárọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì ju ẹyọ kan lọ: "Kòkó ń dúdú lórí igi o!" Páǹpù tó fi ń fín oògùn sí kòkó ni ẹnu rẹ̀ fọ́, irin róbótó tí oògùn ń gbà tú jáde, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Irú rẹ̀ ò sí ní Ìdànrè, kò sí ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo rí i rà. Bí a ò bá sì tètè fín oko yẹn, àbúrò mi obìnrin ò ní padà sí yunifásítì.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo gbọ́n. Mo ju irin náà sínú àpòòwé lásán, mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, mo fi ránṣẹ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, irin ti dá ihò sí igun àpòòwé, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi pè mí: "Tíṣà, a rí ìwé gbà. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀." Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Ohun líle kì í jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìwé. Bí ọkọ̀ bá ti ń jó lójú ọ̀nà lòun náà ń jó.

Mo ra òmíràn. Mo fi ọ̀rá wé e, mo rì í sí àárín gààrí Ìjẹ̀bú kó má baà ríbi yí sí, mo di àpò náà pinpin, mo gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sílé. Ó ku kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n wo inú gààrí. Mo pè, pè, pè! Bàbá mi wà lóko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, fóònù ìyá mi ti kú. Mo ní kò sí wàhálà, ọkọ̀ yẹn kì í yára. Àṣé ọjọ́ tí èèyàn ò fẹ́ kó yára ló máa ń sáré.

Nílé wa, oúnjẹ tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀ kì í sùn kí aládùúgbò má tọ́ ọ wò. Kí n tó rí ìyá mi bá sọ̀rọ̀, ó ti bu gààrí kárí àdúgbò.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á padà!"

"Kí n lọ gba gààrí lẹ́nu ta? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Bàbá mi ní wọn ò bí òun níbi tí wọ́n ti ń gba ọrẹ padà. Ìyá mi ló padà mú ajọ̀, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun jọ̀ ọ́ wò. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí.

Ilé tó kẹ́yìn ni ti ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tí òun àti bàbá mi sì ti ń yan ara wọn lódì nítorí ààlà náà láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi sì ti yọ́ bu gààrí fún un. Kí ìyá mi tó la ẹnu, ọkùnrin náà ti dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ bá mi kí baálé yín. Mo rí ohun tó fi pamọ́ sínú gààrí. Páǹpù tèmi náà ti bàjẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó sọ fún un. Àṣé ó ṣì ń rò mí! Ìjà ti parí."

Ó ti fín oko tirẹ̀, ó sì ti fín ìdí kòkó orí ààlà mọ́ ọn. Ìyá mi gbé ajọ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó ní òun á jíṣẹ́.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ra òmíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ yé. Mo fi téèpù lẹ ẹ̀kẹta mọ́ páálí, mo fi páálí mìíràn bò ó, mo ki àkísà sí àyè tó kù kó má lè mira, mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ó dé pé. A pàdánù kòkó díẹ̀, àbúrò mi ṣáà padà sí ilé-ìwé.

Bí mo bá lọ sílé báyìí, ọkùnrin náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn fún àlejò pé bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, pé àgbà tó gbọ́n ni. Bàbá mi á sì máa mi orí! Kò ní wo ojú mi rárá. Èmi tí mo ra ẹnu páǹpù lẹ́ẹ̀mẹta! Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, á máa yún mi. Ní Kérésì tó kọjá, ó kù díẹ̀ kí n tú u síta. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́, ọkùnrin náà ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sọ ibi tí òkúta wà fún un. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo pa ẹnu mi mọ́.