Èkó Tí Táíwò Lọ

Láti ọjọ́ tí Àbíkẹ́ ti wọ ilé ọkọ ní Ìlerò, kò tẹ pápá bọ́ọ̀lù rí. Ó máa ń sọ pé kí odindi géńdé máa sáré lé ohun tí ọmọ ọwọ́ lè gbé, ìyẹn ò yé òun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Iléyá ọdún yìí, kí àwọn olórin tó kó ara wọn jọ níwájú ààfin, òun ti fi ọ̀já gba ìdí, ó ti forí lé pápá ilé-ìwé. Ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń lọ wòran. Ìrìn ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ni.

Ìbejì ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, kò tún bí òmíràn lé wọn, ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà tí àwọn ọmọ náà wà ní kékeré. Kẹ́hìndé ni kípà Ìlerò, òun ló ń ṣọ́lé. Táíwò ò gbá bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ariwo ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn àwọ̀n ni í máa ń dúró, á fi fèrè kọ́ ọrùn, á fi àtíkè kun ojú bí iwin, á wá máa kígbe sí ìkejì rẹ̀ pé ọ̀tún ni, pé kó má tíì jáde, pé òsì ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù a máa sọ pé ojú mẹ́rin ni Ìlerò fi ń ṣọ́lé. Nítorí àwọn méjèèjì ni ìlú ṣe dá orin kan sílẹ̀, tí Táíwò fúnra rẹ̀ máa ń lé, tí gbogbo pápá á sì gbè é:

"Ta ló ń ṣọ́lé wa?"
"Ẹ̀jìrẹ́ ni."
"Ọ̀kan dà?"
"Ó wà níwájú àwọ̀n."
"Ìkejì dà?"
"Ó wà lẹ́yìn."

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí iṣu tuntun ń jáde, àwọn èrò ẹ̀yìn ẹgbẹ́ kún inú ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n tẹ̀lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí Ṣakí. Wọ́n borí lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ti ń bọ̀, tí orin ń lọ, tí fèrè ń dún, ọkọ̀ náà yà kúrò lójú títì, ó dorí kodò sínú kòtò àgbàrá. Àwọn tó kù fi apá àti ẹsẹ̀ dídá gbé e. Táíwò tó dúró sókè ju gbogbo wọn lọ, kí ohùn rẹ̀ lè jáde dáadáa, òun nìkan ni kò bá wọn délé.

Ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ṣáájú. Kí Kẹ́hìndé tó jẹun tán, àwọn àgbà ilé ti wá ọgbọ́n mú un lọ sí oko, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n máa ṣe. Nígbà tó dé, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu sọ fún un: Táíwò ti lọ sí Èkó. A kì í sọ pé ìbejì kú. Bí ẹnu bá wí i, èyí tó kù á gbọ́, á ní òun náà ń lọ. Àbíkẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ náà rí, kódà nínú ara rẹ̀. Bó bá ku òun nìkan nídìí ààrò, tí ẹkún bá gbé e, "Èkó yìí mà jìnnà o" ló fi ń sun ún.

Kẹ́hìndé kì í ṣe ọmọdé. Ó ti hu irùngbọ̀n, ó ní oko iṣu tirẹ̀, ó sì mọ Èkó tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́ ló ṣe gbà á mú, tí kò jù ú sílẹ̀ mọ́. Bó bá ń jẹun, á dá a sí méjì, á bo ìdajì de Táíwò. Kò sunkún. Ó pa oko tì, ó wá ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì. Ó gbẹ títí kòtò ọrùn rẹ̀ fi jin bí ìkòkò epo. Wọ́n gbàdúrà fún un ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mu àgbo lóríṣiríṣi, kò sí èyí tó ràn.

Nígbà tí Iléyá wá kù fẹ́ẹ́fẹ́, ló bá mú ìbọ̀wọ́ kípà rẹ̀ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí òrùlé, ó ń súfèé. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó lọ ra ẹran ìgbẹ́. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, bó ti ń so okùn bàtà, ló bá sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè.

"Màámi, ibi yòówù kí Táíwò wà, kò jẹ́ pa bọ́ọ̀lù Iléyá jẹ. Bí wọ́n bá ti lé orin wa, á wá. Bí kò bá lè wá, á jẹ́ pé èmi ló ń dúró dè."

Ìdí nìyẹn tí Àbíkẹ́ fi ń sáré. Orin yẹn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni lónìí.

Òjò ti fọ pápá náà mọ́, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ti ta kánópì fún àwọn ọba àti ìjòyè, àwọn ẹlẹ́ran síso ti dáná, àwọn onífúrá ń pe èrò. Àwọn ará Adó-Àwáyè tí Ìlerò fẹ́ bá gbá a ti dé tewé-tàgbà, ọ̀kadà wọn bo ìdajì ọ̀nà. Ìyẹn ni pé èébú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlerò ní ẹni tí adágún odò ìlú rẹ̀ ń gbé orí òkè, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ́ mọ ilẹ̀ títẹ́jú. Àwọn ará Adó dá wọn lóhùn pé iṣu Ìlerò dára lójú lóòótọ́, ìgbà tí wọ́n bá gún un tán ni wọ́n á rí kókó. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ ń la àárín wọn kọjá, ó dà bíi pé ó ń la àárín omi.

Misturat ló kọ́kọ́ bá, obìnrin tó ń ta fúrá, tí òun náà jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin tó ń gbe orin. Ó ní kí Ìyá Ìbejì fọkàn balẹ̀, pé àwọn ti jọ fẹnu kò. "A ti sin orin yẹn." Bó ti gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ẹnì kan ni apá àwọn ò ká, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìsẹ́yìn tí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún lọ́dún yìí. Ó ti ń bi àwọn èèyàn nípa orin ìbejì láti àárọ̀.

Débọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ń yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ nígbà tí Àbíkẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, ìyẹn ló sì ń ro ni lára nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Ọmọ mi, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Má pe orúkọ Táíwò lónìí."

"Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni, Màámi?"

"Kò ṣẹ̀ mí." Ó wojú ọmọ náà bóyá yóò bá òun parí ọ̀rọ̀ náà. "Kò sí nílé ni. Ó lọ sí Èkó."

"Ó ti pẹ́?"

"Láti ìgbà iṣu tuntun."

"Kò sì pè yín rárá?"

Àbíkẹ́ mirí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Bí Débọ́lá ti rí omijé yìí, ìyá tirẹ̀ ló rí, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Èkó tòótọ́, Èkó tó ní afárá àti ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó gbà pé ẹ̀dùn ọmọ tí kò wálé ni kò jẹ́ kó fẹ́ gbọ́ orúkọ náà. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó, pé òun ti gbọ́. Àbíkẹ́ dúpẹ́, ó súre fún un, ó lọ wá igi kan fẹ̀yìn tì. Àyà rẹ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde, Kẹ́hìndé gba ojú ilé lọ. Ìgbà náà ni ohùn Débọ́lá gba gbogbo pápá.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyá kan wà láàárín wa tó ń sunkún ọmọ. Ọmọ náà wà ní Èkó, kò pe ilé. Gbogbo ẹni tó bá ní fóònù, ẹ máa ká ohùn wa sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ títí á fi kàn án lára. Táíwò, ọmọ Ìlerò, ìkejì rẹ wà lójú ilé, ó ń wọ̀nà. Máa bọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi orin pè é. Ta ló ń ṣọ́lé wa?"

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlerò pa lọ́lọ́. Misturat ń ju ọwọ́ méjèèjì sí i láti òkèèrè pé kó dákẹ́, Débọ́lá rò pé ó ń jó ni. Àwọn ará Adó-Àwáyè ò mọ ohun tó di àwọn onílé lẹ́nu, wọ́n rò pé ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ni. Orin náà ti dé ìlú tiwọn náà pẹ́. Wọ́n fi yẹ̀yẹ́ gbè é bí Débọ́lá ti ń lé e.

"Ẹ̀jìrẹ́ ni."

"Ìkejì dà?"

"Ó wà lẹ́yìn."

Kẹ́hìndé yíjú padà. Ẹ̀yìn àwọ̀n, koríko nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn koríko ni títì tó gba Ìsẹ́yìn lọ sí Èkó. Ohun tó rí níbẹ̀, òun nìkan ló mọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó jù ú sílẹ̀, ó bọ́ ìkejì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, ó ń lọ sí ọ̀nà títì. Kò sáré. Bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun ló ṣe ń rìn, ọkọ̀ ńlá sì ń fò kọjá lórí títì náà.

Ìyá rẹ̀ ké, ohùn rẹ̀ ò dé ibì kankan, gbohùngbohùn ti bò ó. Ló bá sáré lọ já a gbà lọ́wọ́ Débọ́lá. Ìgbà tó wá dé ẹnu rẹ̀ ló mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó kù. Bó bá ní kó padà, ṣé ọmọ á tìtorí ìyá fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà ni? Bó bá ní Táíwò ò sí níbẹ̀, níbo ló wà? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè dí ọ̀nà yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ni gbogbo àgbà ní ó ń pa ọmọ.

"Kẹ́hìndé. Táíwò ò lọ sí Èkó. Ó kú. Táíwò kú, a sin ín sẹ́yìn ilé bàbá rẹ, ìwọ nìkan ni a kò jẹ́ kó débẹ̀."

Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Bàbá kan dìde lábẹ́ kánópì, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó jáde lọ. Débọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko, kò sì gbórí sókè.

Kẹ́hìndé dúró létí títì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó kúnlẹ̀, ẹkún tí kò sun láti ìgbà iṣu tuntun sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àbíkẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ta ló pa ojú rẹ̀ dé, Màámi?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó pẹ́ kó tó lọ?"

"Wọ́n ní kò pẹ́."

Àwọn àgbà obìnrin ti ń bọ̀, wọ́n ní kí wọ́n mú un lọ sílé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ yìí, ètùtù rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Àbíkẹ́ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Kẹ́hìndé fi ẹ̀wù nu ojú, ó padà, ó ṣa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní òun kò lè wọlé kí bọ́ọ̀lù Táíwò tó tán.

Ìyá rẹ̀ bá fa kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan, ó gbé e sẹ́yìn àwọ̀n níbi tí Táíwò máa ń dúró, ó jókòó lé e. Kò sí ẹni tó wá jókòó tì í. Wọ́n fẹ sẹ́yìn bí a ti ń fẹ sẹ́yìn fún ẹni tó rú èèwọ̀. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, oríkì ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun ló sì ń pè. "Àlàmú. Àlàmú ọmọ mi." Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè gbé itọ́ mì, Kẹ́hìndé wẹ̀yìn wò, bọ́ọ̀lù wọlé. Kò tún dákẹ́ mọ́.

Ohùn rẹ̀ há, ó ń pè. Ó wo ọrùn ọmọ náà tó ti gbẹ, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun gbà á là tàbí òun pa á, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àwọn ará Adó tún ti ń bọ̀. Ó rántí ohun tí Táíwò máa ń wí, ó fi gbogbo èyí tó kù nínú ohùn rẹ̀ kígbe.

"Ọ̀tún ni, Kẹ́hìn."

Òsì ni bọ́ọ̀lù gbà wá. Kẹ́hìndé fò sí òsì, ó gbá a mú mọ́ àyà, kò sì wẹ̀yìn wò.