Mítà Kan fún Yàrá Mẹ́sàn-án

Agogo mẹ́rin àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo gbé àpò kọ́ èjìká. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, n kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan mọ́. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ní Asawase. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwa àlejò máa lọ sílé wa, n kò sì padà débẹ̀ mọ́. Bọ́lá, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń gbé inú ilé tí wọ́n bí mi sí yẹn báyìí. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti inú yàrá rẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá yege, iṣẹ́ ń dúró dè é ní Àkrà. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ sì ti ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí nìkan ni àwọn yóò dúró dè mọ.

Ní Sèmè, mo pààrọ̀ náírà sí sefa. Mo sùn sí Lomé, ṣùgbọ́n oorun kò wá. Mo sùn sí Lomé, ṣùgbọ́n oorun kò wá. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ kẹnkẹ́ ní sídì mẹ́wàá. Ẹ̀kọ ni, àmọ́ ó kan, ó le, èèpo àgbàdo ni wọ́n sì fi ń wé e dípò ewé. Wọ́n bu ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ahọ́n mi mọ̀ ọ́n kí n tó rántí orúkọ rẹ̀.

Ní Kùmásí, awakọ̀ takisí gbọ́ bí mo ṣe ń dá sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì fi dá mi lóhùn.

“Bàbá, ṣé Nàìjá le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin àgbà náà ti ń sá bọ̀!”

“Ibí ni wọ́n bí mi sí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ.”

“Ẹi, Nana, akwaaba!” Bàbá àgbà, ẹ káàbọ̀ nìyẹn lédè Twi. “Ẹ ṣì máa san sídì ogójì o.”

Ilé náà kò yí padà púpọ̀: yàrá mẹ́sàn-án tó yí àgbàlá kan ká. Bọ́lá gbé àga síta fún mi, mo sì bi í ohun tí ó ba ìdánwò àkọ́kọ́ jẹ́. Ó ní ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni: ti àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, àti ti ìsinsìnyí, ìyẹn kọ̀ntéénà.

“Bàbá, ẹ wo ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní kànga, ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ní mítà tiyín. Bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ṣe rí nìyẹn. Ìkọ̀ọ̀kan ló gbé ètò ìdarí tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, látòkèdélẹ̀. Ó wúwo, kì í tètè jí, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dàrú, èkejì ò ní mọ̀.”

“Kọ̀ntéénà wá ńkọ́?”

“Ilé yìí ni. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀kùn àti ìkòkò rẹ̀, ṣùgbọ́n mítà kan ni gbogbo wa jọ ń lò, bí àwọn kọ̀ntéénà ṣe jọ ń lo ètò ìdarí kan. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́.”

Mo ní ó yé mi. Mo tilẹ̀ sọ fún un nípa kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní ní yunifásítì, tó tóbi tó yàrá, tí a máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú páálí tí a ti lu ihò sí. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Iná ògiri nìkan ló gbé e ró. Èmi ò lè jókòó. Mo yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kí n kúkú fi omi gbígbóná wẹ̀, mo ki wáyà kẹ́tùlù tí mo gbé ti ilé wá bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Pàá! Fíríìjì, rédíò, fáànù, gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe Bọ́lá.

“Subhanallahi!” Hájíà Mẹ́múnà, olùtọ́jú ilé, ti jáde. “Ta ló tan nǹkan láìké sílé?”

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù yóò kọ́kọ́ ké sí àgbàlá, kí àwọn yòókù pa tiwọn, nítorí mítà kan náà kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ké nítorí omi kànga nígbà èwe mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún tí mo fi gbé lẹ́yìn ọgbà ara mi ló jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

“Èmi ni, Hájíà.”

“Bàbá Nàìjá! Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì!”

Kọ́kọ́rọ́ àpótí mítà wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ládùúgbò Dichemso. Mo wọ takisí, mo lọ, mo bọ̀, n kò tilẹ̀ béèrè iye. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ti lọ nígbà tí iná padà. Àwọn olùṣètò ìdánwò gba Bọ́lá wọlé padà, ṣùgbọ́n aago ìdánwò kò dúró dè é.

“Ó ku ìbéèrè méje tí mi ò dé,” ló wí nígbà tó jáde. Kò bú mi. Ó dùn mí ju èébú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni èsì yóò gbà. N kò lè dúró wo ojú rẹ̀ títí dìgbà náà, mo gbéra lọ́jọ́ kejì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géètì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tán ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: “Bàbá, mo yege! Máàkì méjì péré ni mo fi rékọjá. Mo ti rí yàrá ní Àkrà, ó ní mítà tirẹ̀. Ẹ má bínú o.”

Mo kí i kú oríire, mo ní ó gbọ́n. Mo kọ ọ́ sí i pé nínú ilé tí èèyàn ò ti lè ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́, kò sí ẹni tí yóò pariwo mọ́ ọn, bí tèmi níbí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa apá yẹn rẹ́, mo sì fi ìyókù ránṣẹ́.