Fọ́ọ̀mù Tí Mo Kọ "Kò Wá" Sí

Bí òjò bá rọ̀ ní Ketu lówùúrọ̀, òórùn tòmátò tó ti rà ní Mile 12 ló máa ń ṣáájú adájọ́ dé ọgbà kọ́ọ̀tù. Mo mọ òórùn náà dáadáa, torí oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí mo ń bá ọ̀gá mi kan ní yunifásítì ṣe ìwádìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àtúnṣe sí kọ́ọ̀tù náà ni, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Látijọ́, akọ̀wé kọ́ọ̀tù á jáde sí àgbàlá, á pariwo orúkọ títí ẹni tó lọ ra gúgúrú lójú títì á fi gbọ́. Wọ́n ní ariwo ọjà nìyẹn. Wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sẹ́yìn, wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ pátákó, inú ilé ni wọ́n sì ti ń pe ẹjọ́; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹjọ́ àtijọ́ lọ síbẹ̀. Ó wù mí, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ìkìlọ̀ ọ̀gá mi kò ju ẹyọ kan lọ: "Ojú àti bírò nìkan ni tìẹ. O ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kó má ba iṣẹ́ wa jẹ́." Mo di òfin yẹn mú bí ẹni pé Ọlọ́run ló fún mi.

Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì ni mo ti mọ Mummy aránṣọ. Opó ni wọ́n, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, Ikosi ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn fẹ́ gba yàrá méjì tí ọkọ náà kọ́ kó tó kú, Mummy sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù kó má bàa lé wọn jáde. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà, ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn ti ń wá. Wọn kì í bọ́ tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, kódà ní kọ́ọ̀tù. Nígbà kan, wọ́n wo búláòsì mi tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ta ló rán èyí fún yín, Aunty? Kí Ọlọ́run dárí jì í."

Wọn ò mọ̀wé. Bí wọ́n ṣe ń rí mi tí mo ń kọ nǹkan, wọ́n gbà pé ìwé kọ́ọ̀tù ni mo ń kọ. Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì, kò wọ̀ wọ́n létí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Aunty akọ̀wé, ẹ ti kọ ọ́ pé mo wá?"

"Mo ti kọ ọ́, Mummy."

Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹjọ́ Mummy lọ sí gbọ̀ngàn tuntun, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Pátákó ló sọ ọ́, pátákó kò sì lẹ́nu. Mo ti da orúkọ inú rẹ̀ kọ kí n tó kí wọn lábẹ́ igi, mo mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Wọ́n bu ẹ̀pà yíyan sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo rántí òfin ọ̀gá mi, mo gbé e mì.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n pe orúkọ Mummy lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dúró ti lọ́yà rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Adájọ́ ní olùpẹjọ́ kò wá, òun wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Ẹ̀pà Mummy ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún máàkì "Kò wá" sí fọ́ọ̀mù ìwádìí mi.

Nígbà tí mo jáde, Mummy pè mí: "Aunty akọ̀wé, wọn ò tíì pè mí o. Ẹ ti kọ ọ́ pé mo wá?" Adájọ́ kò tíì dìde. Ká ní mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé nígbà yẹn, bóyá wọn ì bá dá ẹjọ́ náà padà. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Mo ti kọ ọ́, Mummy," ni mo wí. Háà! Irú ènìyàn wo nìyẹn?

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè lọ sí Ikosi. Àgádágodo tuntun ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò kan ní ẹ̀gbọ́n ọkọ ti kó ẹrù Mummy sínú òjò, tẹ̀rọ-tẹ̀rọ, Mummy sì ti padà sí ìlú wọn. Mo jókòó sórí pèpéle, mo sunkún.

Nígbà tí ìwé ìwádìí wa jáde, ọ̀gá mi dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá, ó ní àwọn olùpẹjọ́ tí kì í wá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹjọ́ falẹ̀, kí kọ́ọ̀tù máa tètè wọ́gi lé ẹjọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù mi wà lára ohun tó gbára lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo wá fẹnu ara mi jẹ́wọ́ fún un, ó ní ẹ̀pa kò bóró mọ́, ìwé ti jáde.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe, ṣùgbọ́n kí n tó máàkì pé ẹnì kan kò wá, mo máa ń kọ́kọ́ jáde lọ wo abẹ́ igi. Àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àṣejù ni. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù ọjọ́ náà ni mi ò lè tún kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ. Mummy wá. Láti aago méje ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀, tépù lọ́rùn, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa pariwo orúkọ wọn. Mo rí wọn.