Mai Hula Kò Ta Fìlà fún Ẹni Tó Ń Kánjú

Ọjọ́ tí Bàbá Fàtíù gba fìlà padà lọ́wọ́ obìnrin tó ti sanwó tán, gbogbo àdúgbò Tukur-Tukur ní Zaria ló gbọ́. Mai Hula ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí fìlà tó ń fi ọwọ́ rán. Jemima lorúkọ obìnrin náà. Èkó ló ti wá ṣe àbẹ̀wò afẹ́ sí Zaria. Ó ti ya fọ́tò odi ìlú tán, fìlà ló kù.

"Bàbá, ẹ ṣe é kíá, ọkọ̀ ń dúró dè mí."

"Oṣù kan gbáko ni mo fi rán èyí, ìwọ sì fẹ́ gbé e lọ ní ìṣẹ́jú kan? Gba owó ẹ." Bàbá fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Àfi tó bá rán ìlà kan, kò ní rí fìlà gbé.

Ojú ti Waheedat, ọmọ rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, bíi kí ilẹ̀ lanu. Oníbàárà mélòó ló kù fún wọn? Àwọn ọmọṣẹ́ ti sá lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní àdúgbò PZ, wọ́n ń rán mẹ́wàá lóòjọ́. Dúrósinmí tó lọ gbẹ̀yìn ò tilẹ̀ dágbére. Ó ku òun àti bàbá rẹ̀ arúgbó, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí Bàbá bá lọ, iṣẹ́ náà parí nìyẹn.

Jemima jókòó. Ó gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọkọ̀ fi í sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó rán ìlà náà tán, ó sì gbé fìlà rẹ̀ lọ. Lọ́dún kejì, ó kó èèyàn méjìlá dé.

"Kí ni wọ́n tún ń wá?" ni Bàbá wí. "Mo fìyà jẹ ẹ́ kó má baà padà wá ni." Ṣùgbọ́n ó ti lọ wọ babanriga tuntun.

Láti ìgbà náà, àlejò ò dẹ́kun wíwá. Bàbá á tú ìlà wọn ká, á ní ìka wọn le bí igi ìdáná. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà. Àjèjì ló wá ń bọ́ iṣẹ́ tí ọmọ ìlú kọ̀ sílẹ̀. Ó dun Bàbá wọra, kò kàn sọ ni.

Ó kú nínú àwẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Waheedat lọ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ kó lè tì í pa. Dúrósinmí ló bá lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aránṣọ méjì láti PZ.

"Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Fìlà Zaria tí wọ́n fọwọ́ rán làwọn àlejò ń béèrè. Wọ́n wo tèmi, wọ́n ní irú ẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa."

Waheedat fi ìbòrí nu ojú. "Bàbá ì bá bú yín pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ó ní. "Lẹ́yìn náà, á ní kí n lọ ra kosai, àkàrà gbígbóná, fún yín."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń ṣí fèrèsé ìsọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.