Kí Ẹ Tó Gbé Iṣu Mi, Ẹ Sọ Ọjọ́ Orí Táyà Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí táyà fojú mi rí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín níbì kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Èmi ò kàwé o. Bùsọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo ní "uṣu", ó tẹ "iṣu", ó ní kí gbogbo Yorùbá lè kà á. Kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Uṣu ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba láti ìgbà ọmọge mi, ìyẹn ò yí padà.

Káyọ̀dé, bàbá Bùsọ́lá, ló ń wa píkọ́ọ̀pù wa. Òun ló ń bá mi kó iṣu wọ Adó. Òun náà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, à ń bọ̀ láti Ìgèdè. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìyìn ni mo gbọ́ gbòlà! Mo rò pé ìbọn ni, àṣé táyà ló bẹ́. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú gọ́tà. Iṣu fọ́n ká títì!

Káyọ̀dé ti forí gbá sítíárì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo kígbe pé, "Káyọ̀dé, dá mi lóhùn!"

Ó ní, "Mo wà, Màmá. Iṣu yín ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ta ló ń wá iṣu?

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí wa nílé, gbogbo wọn ló ní ayé ni. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á, mo gbàdúrà. Àmọ́ mo bi ara mi pé, ṣé ayé ló bá wa ra táyà náà ni? Ṣebí àwa fúnra wa la rà á ní àdúgbò Fájuyì l'Ádó!

Báwo la sì ṣe rà á? Káyọ̀dé ti ìka bọ eyín táyà, eyín jìn. Ó ń dán. Ẹni tó ń tà á búra pé tòkúnbọ̀ gidi ni, pé ó le ju tuntun lọ. Wọ́n gbé e wọ ríìmù, ó wọ̀ ọ́. Ó parí! Bí gbogbo wa ṣe ń rà á nìyẹn, àbí mo purọ́?

Mo ní kí ọlọ́kadà gbé èmi àti táyà tó bẹ́ náà lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀, lọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan tí à ń pè ní Bàbá Ìlá, nítorí pé Ìlá ló ti wá. Ó ti pẹ́ l'Ádó débi pé ó ń fi ohùn Èkìtì bú èèyàn. Mo ní kó kọ́ mi ní táyà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Mo ní rárá o, ohun tó fẹ́ pa ọmọ mi ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àpótí fún mi, ó fi àkísà tútù nu ara táyà náà.

Ó ní gbogbo ohun tí táyà jẹ́, ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwa ni a kì í wò ó. Ó ní táyà tiwa yẹn, táyà mọ́tò kékeré ni, èyí tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù bíi tiwa sábà máa ń ní lẹ́tà kan lẹ́yìn nọ́ńbà ríìmù, tó tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Bùsọ́lá ní C ló ń jẹ́. Òṣùpá ni èmi ń pè é.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń sọ bí ẹrù tó lè gbé ṣe tó. Bó bá ṣe ga sí ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ sí. Tiwa jẹ́ 91. Ó ní èyí tó yẹ píkọ́ọ̀pù wa jẹ́ 106. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ti eré tí táyà lè sá.

Ẹ wò ó, ríìmù kan náà ni méjèèjì ń wọ̀ o! Ó wá dà bí ìgbà tí a gbé àpò sìmẹ́ǹtì ru ọmọ ọdún mẹ́fà nítorí pé òṣùká bá a lórí mu.

Ó tún fìka tọ́ ilé kékeré kan tó rí bí ẹyin. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún rẹ̀. Àṣé táyà ní ọjọ́ ìbí! Bàbá Ìlá ní bó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, kí á máa fura sí i. Bó bá pé mẹ́wàá, kó kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ì báà máa dán bí ojú ìyàwó. Ó ní àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sí ògbólógbòó, wọn a fi òróró pa á.

Inú bí mi! Èmi tí mo máa ń fi èékánná họ iṣu lẹ́ẹ̀kan péré, tí mo sì mọ̀ pé ti èṣí ni! Ta ló lè ta iṣu èṣí fún mi ní tuntun? Àmọ́ wọ́n ta táyà èṣí fún mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lọ́dọ̀ Bàbá Ìlá, tí mò ń ka ara táyà oníbàárà rẹ̀. N kò mọ ìwé, àmọ́ owó náírà ti kọ́ mi ní nọ́ńbà.

Mo délé, mo rò ó fún Káyọ̀dé. Ó ń tẹ fóònù, ó ń ní "bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, bẹ́ẹ̀ ni." Ìdajì ló gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún píkọ́ọ̀pù ṣe tán, ó sì wà á wọlé tòun ti táyà tòkúnbọ̀ mẹ́rin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin Fájuyì yẹn kan náà! Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo òṣùpá yín, mẹ́rin ló yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Mo ní, "Ọjọ́ orí wọn ńkọ́?"

Ó ní kò sí nọ́ńbà ọjọ́ ìbí kankan lára wọn, pé oníbàárà ń dúró de iṣu l'Ákúrẹ́, pé àárọ̀ ọ̀la lòun ń lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti tẹ́ ẹní síwájú ọkọ̀, mo sì jókòó lé e. Káyọ̀dé jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dìde."

"Gun orí mi kọjá."

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ìran! Ìyá Káyọ̀dé ti di mẹkáníìkì!"

Mo ní, "Mẹkáníìkì tó ní ọmọ kan ṣoṣo ni."

Bàbá Ìlá ti sọ fún mi pé nígbà mìíràn, inú ni nọ́ńbà máa ń kọjú sí. Ni mo bá gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Bùsọ́lá, mo ti ẹní bọ abẹ́ ọkọ̀, mo sùn lẹ́yìn, mo wọ́ wọlé. Ìdí ń dùn mí, orúnkún ń dùn mí. Mo nu táyà, ilé ẹyin yọ! Mo kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́: "Èjì! Ẹ̀ta! Ení! Èjì!"

Mo ní, "Káyọ̀dé, ọdún wo lo bí Bùsọ́lá?"

Bùsọ́lá ló dáhùn: "2013, Màmá àgbà."

"Ó dáa. 2012 ni táyà yìí dé ayé. Bùsọ́lá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Ọmọ burúkú, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́! "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ìyá Ṣadé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ òróró kúrò lára táyà bí mo ṣe ń họ iṣu. Abẹ́ rẹ̀ ti là wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ àgbà nígbà ọyẹ́. Mo rí i tó fọwọ́ kan àpá iwájú orí rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi lábẹ́ ibẹ̀.

Iṣu Àkúrẹ́ kò lọ. Oníbàárà yẹn ti bá ẹlòmíràn lọ títí dòní. Ó dùn mí, n kò ní parọ́.

Ẹni tó ta táyà ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Mo ní kò burú. Mo gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ń ka ọjọ́ ìbí táyà fún gbogbo ẹni tó bá wá rà. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi dá owó wa padà. Mo fi àjọ mi kún un, a ra táyà tuntun: òṣùpá wà níbẹ̀, 106 wà níbẹ̀, èṣí ni wọ́n sì bí i.

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀. Dídán kọ́ ni agbára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà ka táyà fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ojú ara yín wò ó, àní bó bá gba pé kí ẹ sùn sílẹ̀.

Táyà tó bẹ́ lọ́jọ́ náà ló wà lórí ògiri ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba báyìí. Bùsọ́lá fi ẹfun kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Awakọ̀ tó bá fẹ́ gbé iṣu mi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ìbí táyà tirẹ̀ fún mi. Káyọ̀dé náà ń kà á, láràárọ̀, kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni táyà ti fojú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Bùsọ́lá á kà á sí mi létí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jáde lọ wo ti ọkọ̀ yín ná. Mò ń dúró.